Omi kò tó gbogbo ènìyàn: ohun tí ẹ lè dín kù àti ohun tí ẹ kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn nínú iṣẹ́ ìrànwọ́

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni mí, ìmọ́tótó àyíká ni mo kọ́ ní yunifásítì. Àjọ ìrànwọ́ kan láti òkè òkun ti gbà mí sí ẹ̀ka omi àti ìmọ́tótó ní ìpínlẹ̀ Borno, oṣù tó ń bọ̀ ni n ó wọlé. Torí kí ẹ̀mí ènìyàn má ṣòfò ni mo ṣe wá iṣẹ́ yìí. Àmọ́ àwọn tó ti ṣe é ṣáájú mi ń sọ pé kí oṣù mẹ́ta tó pé, màá ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbójú fo nǹkan, pé ẹni tó bá fẹ́ tẹ̀lé ìlànà bí wọ́n ṣe kọ ọ́ kò ní lè ṣe ohunkóhun níbẹ̀. Ṣé bẹ́ẹ̀ ló rí? Báwo ni mo ṣe lè wúlò láìsọ ohun tó gbé mi wá nù?

Ìdáhùn: Ẹ kú oríire iṣẹ́ tuntun. Apá kan òótọ́ ni wọ́n sọ fún yín. Ẹ ó dín nǹkan kù lóòótọ́, ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́. Ibi tí wọ́n ti ṣi ọ̀rọ̀ sọ ni pé wọ́n ka ẹni tó dín nǹkan kù mọ́ ẹni tó gbójú fò ó. Ẹnì kan lè dín ìwọ̀n omi kù, kó kọ ọ́ sílẹ̀, kó dá ọjọ́ tí àdínkù náà máa parí, kó sì máa wọn ìpalára tó ń ṣe. Ẹlòmíì á kàn jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀ títí ojú rẹ̀ á fi mọ́ ọn. Ẹni àkọ́kọ́ ṣì wà lórí ìlànà. Ẹnì kejì ti kúrò níbẹ̀, kódà bí omi tí àwọn méjèèjì pín lọ́jọ́ náà bá dọ́gba.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí omi, torí òun ni iṣẹ́ yín. Ìwé ìlànà Sphere, ètò tí àwọn àjọ ìrànwọ́ dá sílẹ̀ ní 1997, tí wọ́n sì tún ìwé náà ṣe ní 2018, ní kí ẹnì kọ̀ọ̀kan rí ó kéré tán lítà omi 15 lójúmọ́. Gbogbo òṣìṣẹ́ tuntun ló mọ iye yìí lórí. Díẹ̀ nínú wọn ló mọ̀ pé ìwé kan náà tú u palẹ̀: lítà 2.5 sí 3 fún mímu àti oúnjẹ, 2 sí 6 fún ìmọ́tótó ara, 3 sí 6 fún ìdáná. Bẹ́ẹ̀ ni àpapọ̀ ohun tí ènìyàn fi ń wà láàyè ṣe bọ́ sáàárín 7.5 sí 15. Ìwé náà tún sọ pé bí ọwọ́ yín kò bá tó ìwọ̀n tó yẹ, kí ẹ sọ ìdí rẹ̀, kí ẹ sọ ohun burúkú tó lè tìdí rẹ̀ yọ, kí ẹ sì sọ ohun tí ẹ ń ṣe láti dé ibẹ̀. Ìlànà fúnra rẹ̀ ló fàyè sílẹ̀ fún ọjọ́ tí agbára kò bá tó nǹkan.

Ẹ bá mi ṣe ìṣirò yìí. Ibùdó kan wà fún 10,000 ènìyàn. Bọ́hòlù sólà 5 ló ń fún wọn lómi, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń fa lítà 5,000 ní wákàtí kan, fún wákàtí 6 tí oòrùn bá mú dáadáa. Ìyẹn jẹ́ lítà 150,000 lójúmọ́, ẹnì kọ̀ọ̀kan sì ń rí 15. Ìjà wá bẹ́ sílẹ̀ ní àwọn abúlé ìtòsí, 10,000 ènìyàn míì wọlé láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ ó bá òṣìṣẹ́ tí yóò sọ pé, “Ìlànà ní 15, a kò lè bà á jẹ́, ẹ jẹ́ káwọn tuntun dúró títí a ó fi gbẹ́ bọ́hòlù míì.” Ọ̀rọ̀ yẹn dún bí ọ̀rọ̀ ẹni tó mú ìlànà le, ṣùgbọ́n ó ti rú ìlànà tó ga jù ú lọ, ìyẹn àìṣojúsàájú: bí àìní ẹnì kan bá ṣe pọ̀ tó la fi ń mọ ẹni tí a ó kọ́kọ́ ràn lọ́wọ́, ẹni tó kọ́kọ́ dé kò ní ẹ̀tọ́ ju ẹni tó dé lánàá lọ. Ohun tó yẹ ni kí gbogbo 20,000 máa gba nǹkan bí 7.5 láti òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, kí ẹ sì yọ ti ilé ìwòsàn sọ́tọ̀ pátápátá. Aláìsàn tó wà lórí ibùsùn nílò lítà 40 sí 60 lójúmọ́, ẹni tí onígbáméjì dá dùbúlẹ̀ nílò 60. Ẹ má bá wọn dín ìyẹn kù.

Lọ́jọ́ kan náà ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá èyí tó kù. Lítà 150,000 ló kù, tánkà olítà 10,000 sì gbọ́dọ̀ lọ ìgbà 15 kó tó pé. Lórí ìwé, tánkà kan lè lọ kó bọ̀ nígbà mẹ́rin lójúmọ́. Ní Borno, ọ̀nà kì í ṣí àfi táwọn ológun bá ti yẹ̀ ẹ́ wò láàárọ̀, wọ́n sì máa ń tì í kí ilẹ̀ tó ṣú, nítorí náà ẹ fi ìgbà mẹ́ta ṣe ìṣirò. Tánkà 5 nìyẹn, ẹ fi ọ̀kan kún un, torí pé ọ̀kan á máa bàjẹ́. Omi tánkà gbówó lórí gan-an, àwọn tó ń gbówó sílẹ̀ kì í fẹ́ kó pẹ́, ẹ sì ní láti mọ ọjọ́ tí yóò dáwọ́ dúró kí tánkà àkọ́kọ́ tó gbéra. Ọjọ́ tí ẹ bá pe tánkà ni kí ẹ pe àwọn agbẹ́kànga pẹ̀lú.

Ẹ ó ti rí i pé ìwọ̀n 7.5 yẹn jẹ́ gbèsè tí a gbọ́dọ̀ san. Lójú tèmi, kò yẹ kó kọjá ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta. Tó bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀, omi ìmọ́tótó làwọn ìyá máa ń kọ́kọ́ gé kúrò, wọn kì í gé ti mímu. Èéyí á bẹ̀rẹ̀, ojú àwọn ọmọ á máa pọ́n, ìgbẹ́ gbuuru á tẹ̀ lé e. Torí náà, ẹ máa wọn nǹkan mẹ́ta lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀: iye àwọn ọmọdé tó ní ìgbẹ́ gbuuru nínú ìwé ilé ìwòsàn, iye ìṣẹ́jú tí obìnrin kan ń lò lórí ìlà (kò yẹ kó ju 30 lọ), àti iye kẹ́ẹ̀gì tó wà nínú àgọ́ kọ̀ọ̀kan. Ti kẹ́ẹ̀gì yìí ni ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ń gbàgbé. Ìdílé tó ní kẹ́ẹ̀gì olítà 10 kan ṣoṣo kò lè gba omi tí ẹ bá pèsè, bó ti wù kó pọ̀ tó. Méjì ló yẹ kí wọ́n ní, ọ̀kan fún pípọn, ọ̀kan fún títọ́jú, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan gba lítà 10 sí 20.

Ti ẹnu ẹ̀rọ náà ní ìṣirò tirẹ̀. Wọ́n ní kí iye ènìyàn tó ń lo ẹnu ẹ̀rọ kan má ṣe ju 250 lọ. Ohun tó fà á ni pé ẹnu ẹ̀rọ tó ń tú lítà 7.5 ní ìṣẹ́jú kan yóò lo ìṣẹ́jú 500 kó tó fún ènìyàn 250 ní lítà 15 kọ̀ọ̀kan, ìyẹn wákàtí 8 lé díẹ̀. Bí ẹ bá rí ìlà gígùn, tí ẹ kàn so ẹnu ẹ̀rọ mẹ́wàá míì mọ́ páìpù kan náà, omi á máa kán tó-tó-tó ní gbogbo wọn, ìlà á sì tún gùn sí i. Ẹ kọ́kọ́ fi aago àti bọ́kẹ́ẹ̀tì wọn bí omi ṣe ń yára jáde.

Ní báyìí, ohun tí a kò gbọdọ̀ dín kù. Ní ọjọ́ lásán, omi púpọ̀ tó mọ́ níwọ̀nba sàn ju omi díẹ̀ tó mọ́ gaara lọ, torí pé ọwọ́ tí a kò rí omi fọ̀ ni ọ̀pọ̀ àrùn inú ibùdó ń gbà wọlé. Ẹ lè fara mọ́ ìyẹn. Ṣùgbọ́n níbi tí onígbáméjì bá ti fojú hàn, bó ṣe hàn ní ibùdó Muna Garage ní Maiduguri ní 2017, kò sí ẹni tó ní àṣẹ láti fi kílórínì tàfàlà. Àwọn tó ń da omi kì í sábà wọn kílórínì, ojú ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n, ibẹ̀ ni nǹkan ti ń bàjẹ́. Ẹ kọ́ wọn báyìí: kí wọ́n da gíráàmù 15 ìyẹ̀fun kílórínì tí agbára rẹ̀ jẹ́ 70 nínú ọgọ́rùn-ún sínú lítà omi kan. Kí wọ́n gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì mẹ́rin kalẹ̀, lítà 20 omi bọ́hòlù nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n fi síríńjì fi mìlílítà 1 àpòpọ̀ yẹn sínú àkọ́kọ́, 2 sínú ìkejì, 3 sínú ìkẹta, 4 sínú ìkẹrin. Kí wọ́n rò ó, kí wọ́n bò ó, kí wọ́n dúró fún ìṣẹ́jú 30, kí wọ́n wá fi DPD, oògùn tí a fi ń dán kílórínì wò, wo iye kílórínì tó ṣẹ́ kù nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá ṣẹ́ku láàárín 0.2 sí 0.5 mìlígíráàmù nínú lítà kan ni ẹ ó mú. Lásìkò onígbáméjì, ẹ má jẹ́ kó dín ní 0.5 lẹ́nu ẹ̀rọ. Bó bá jẹ́ bọ́kẹ́ẹ̀tì kejì ló bọ́ sí i, lítà kan àpòpọ̀ náà ló máa tó fún tánkà olítà 10,000.

Omi tó dọ̀tí máa ń jẹ kílórínì run, nítorí náà ẹ jẹ́ kó tòrò ná. Ooru ilẹ̀ Borno máa ń pa agbára ìyẹ̀fun náà, ẹ tọ́jú rẹ̀ síbi tútù, kí ìdérí rẹ̀ le, kó jìnnà sí dísù àti irin. Tí òórùn rẹ̀ bá ti kọ́kọ́ le jù, àwọn ènìyàn á padà sídìí kànga tí kò lómọrí, iṣẹ́ yín á di asán. Ẹ ṣàlàyé fún wọn kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Ti ṣáláńgá, n kò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Ẹ lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹyọ kan fún ènìyàn 50, kí ẹ sì máa tẹ̀ síwájú títí dé ẹyọ kan fún 20. Ẹ kò lè yọ kọ́kọ́rọ́ inú àti iná kúrò lára ti àwọn obìnrin nítorí àtidín owó kù. Ṣáláńgá obìnrin tí kò ṣeé tì ti di ibi ewu lóru, wọn kò ní lò ó, owó yín á sì ṣòfò. Iye èyí tó ń ṣiṣẹ́ lónìí ni kí ẹ máa kọ sínú ìròyìn yín, ẹ má kọ iye tí ẹ gbẹ́.

Ẹ ó bá ọ̀ràn orúkọ pàdé kíákíá. Ní Borno, Bulama ni olórí àdúgbò, Lawan ló sì wà lókè rẹ̀. Bulama ló máa gbé ìwé orúkọ àwọn tí ó yẹ kó gba ọṣẹ, kẹ́ẹ̀gì tàbí káàdì wá fún yín. Orúkọ àwọn ẹbí rẹ̀ lè wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kí orúkọ opó tó dé lọ́sẹ̀ tó kọjá má sì sí níbẹ̀ rárá. Ẹni tó ń fi ìtara ṣiṣẹ́ á ní kí wọ́n yọ Bulama kúrò pátápátá. Àṣìṣe ni. Òun ló ń parí ìjà ní ìdí ẹ̀rọ omi, òun ló mọ ẹni tó kú àti ẹni tó bímọ, bí ẹ bá sì dójú tì í, ó lè sọ pé kí ẹnikẹ́ni má wá síbi ìpínfúnni yín. Ẹni tó ti rẹ̀ náà á gba ìwé yẹn bó ṣe wà. Àṣìṣe nìyẹn pẹ̀lú.

Ẹ gba ìwé náà tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, kí ẹ pè é ní ìwé àkọ́kọ́. Ẹ wá lọ láti àgọ́ dé àgọ́ fúnra yín, ní ìdájí tàbí ìrọ̀lẹ́ tí àwọn ènìyàn wà nílé, láìkéde ọjọ́ náà. Ẹ ka orúkọ sókè ní gbangba kí ẹ tó pín nǹkan, kí ẹnikẹ́ni lè sọ pé “ẹni yìí kì í gbé ibí” tàbí “ẹ gbàgbé ìyá yìí.” Ẹ bá àwọn obìnrin ṣèpàdé lọ́tọ̀, kí obìnrin jẹ́ ògbufọ̀. Hausa tí ẹ lè gbọ́ díẹ̀díẹ̀ kò ní tó, torí pé Kanuri àti Lárúbáwá Shuwa ni ọ̀pọ̀ àgbà obìnrin níbẹ̀ ń sọ. Ẹni tí kò gbọ́ èdè ìpàdé kò ní lè ṣàròyé. Lẹ́yìn ìpínfúnni, ẹ mú káàdì 60 láìṣẹ̀ṣà, kí ẹ bi ẹni kọ̀ọ̀kan pé: ṣé ẹ rí i gbà, mélòó ni ẹ gbà, ṣé ẹnikẹ́ni bèèrè nǹkan lọ́wọ́ yín kí ẹ tó gbà á? Bí àwọn tó san owó bá ju ẹnì kan tàbí méjì lọ, ẹ dá ìpínfúnni tó kàn dúró fún ọjọ́ díẹ̀, kí ẹ sọ ìdí rẹ̀ fún Bulama níwájú Lawan. Ọ̀pọ̀ ìgbà ló máa ń tún un ṣe, torí ojú tì í.

Àmọ́ bí ẹnikẹ́ni bá sọ pé ara òun ni wọ́n bèèrè, ìdúnàádúrà ti tán níbẹ̀. Ẹ má ṣe ìwádìí fúnra yín, ẹ má pe Bulama, ẹ má sọ ọ́ nínú ìpàdé. Ẹ fi sùn lọ́jọ́ náà gan-an lọ́dọ̀ ẹni tí àjọ yín yàn fún irú ọ̀ràn bẹ́ẹ̀, kódà bó bá jẹ́ òṣìṣẹ́ yín tó gbóná jù lọ ni wọ́n dárúkọ, kódà bí iṣẹ́ bá máa dúró. Kí ẹ mọ orúkọ àti nọ́ńbà ẹni yẹn láti ọjọ́ tí ẹ dé.

Ọ̀ràn àwọn ológun ló máa ń da ọ̀pọ̀ lọ́kàn rú. Láìsí ìwé àṣẹ wọn, ẹrù yín kò ní kọjá, ọ̀pọ̀ ìlú ní Borno ló sì wà lábẹ́ ààbò wọn. Hẹlikópítà àjọ UN ni ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ń wọ̀ dé àwọn ìlú tó jìnnà. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyẹn, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ẹgbẹ̀rún ènìyàn wà níta àwọn ìlú wọ̀nyí tí àjọ kankan kò lè dé ọ̀dọ̀ wọn. Bẹ́ẹ̀ ni ìrànwọ́ tó yẹ kó lọ síbi tí àìní bá ti pọ̀ jù ṣe máa ń dúró síbi tí ológun bá ti ṣílẹ̀kùn. Ẹ kò lè yí èyí padà. Ẹ lè máa kọ ọ́ sínú gbogbo ìròyìn yín pé ibi tí ẹ dé kì í ṣe gbogbo ibi tí àìní wà, kí ẹnikẹ́ni má fi nọ́ńbà yín sọ pé gbogbo rẹ̀ ti tán.

Àwọn ìbéèrè kéékèèké ni yóò dán yín wò lójoojúmọ́. Ṣọ́jà kan tí ìbọn wà lọ́wọ́ rẹ̀ lè ní kí ẹ gbé òun dé ìlú tó kàn. Rárá ni ìdáhùn, nígbà gbogbo, torí pé ọkọ̀ yín á di ọkọ̀ ogun lójú ẹni tó ń wò yín láti inú igbó. Wọ́n lè ní kí tánkà yín já omi sí bárékè. Ìyẹn náà rárá. Ṣùgbọ́n ṣọ́jà tó fara gbọgbẹ́ tí kò lè jà mọ́ jẹ́ aláìsàn bí gbogbo aláìsàn, ó ní ẹ̀tọ́ sí ìtọ́jú lábẹ́ òfin ogun. Wọ́n lè ní kí ẹ fún àwọn ní orúkọ àwọn tó wá pọnmi, pàápàá àwọn ọkùnrin tuntun. Ẹ má fún wọn láé. Ẹ má sì bá wọn jiyàn lójú ọ̀nà. Ẹ ní lẹ́tà àjọ yín lọ́wọ́ tó sọ òfin wọ̀nyí, kí ẹ fi ọ̀wọ̀ sọ pé iṣẹ́ yín ló wà nínú ewu bí ẹ bá rú u, kí ẹ ní kí wọ́n bá ọ̀gá yín sọ̀rọ̀, kí ọ̀gá yín gbé e lọ sọ́dọ̀ OCHA, ọ́fíìsì àjọ UN tó ń rí sí àárín àwọn aṣèrànwọ́ àti ológun. Ní ti kí ṣọ́jà sin ọkọ̀ yín, òfin àwọn àjọ náà ni pé ìgbà tí kò bá sí ọ̀nà míì rárá láti gba ẹ̀mí là nìkan ni wọ́n ń gbà á, àwọn ọ̀gá àgbà ló sì ń pinnu rẹ̀.

Ẹ kọ gbogbo ẹrù yín sílẹ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan: iye ọṣẹ, iye kẹ́ẹ̀gì, lítà dísù, nọ́ńbà ọkọ̀. Ní 2019 ni ológun ti ọ́fíìsì àjọ ìrànwọ́ Action Against Hunger pa ní Maiduguri, wọ́n ní àjọ náà ń fún àwọn ọlọ̀tẹ̀ lóúnjẹ àti oògùn. Àjọ náà sẹ́. Ìwé ẹrù tó pé ló máa gbèjà yín lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀.

Ibi tí ìbéèrè yín ti ta kókó jù nìyí: ìgbà wo la ń sọ̀rọ̀ síta, ìgbà wo la ń dákẹ́ kí ilẹ̀kùn má bàa tì? Orí ilẹ̀ wa níbí ni iyàn yìí ti gbóná jù. Nígbà ogun Biafra, láti 1967 sí 1970, Red Cross àgbáyé ń ṣiṣẹ́ ní ìdákẹ́rọ́rọ́ pẹ̀lú ìjọba méjèèjì. Àwọn dókítà ará Faransé kan tó bá wọn ṣiṣẹ́ níbẹ̀ kò fara mọ́ ìdákẹ́jẹ́ náà, díẹ̀ nínú wọn ló sì wà lára àwọn tó dá àjọ àwọn dókítà tó ń jẹ́ Médecins Sans Frontières (MSF) sílẹ̀ ní 1971. Àwọn ìjọ Kristẹni ní tiwọn ń fi ọkọ̀ òfuurufú gbé oúnjẹ láti erékùṣù São Tomé lọ sí pápá ọkọ̀ òfuurufú Uli ní Biafra lóru, láìgbàṣẹ ìjọba àpapọ̀. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹfà 1969, ọkọ̀ òfuurufú ogun ìjọba àpapọ̀ yìnbọn lu ọkọ̀ òfuurufú Red Cross kan, ó já. Títí di òní ni àwọn onímọ̀ ń jiyàn bóyá oúnjẹ yẹn gba ẹ̀mí là nìkan ni, tàbí ó tún fa ogun náà gùn. Mo rò pé méjèèjì ló ṣe. Ẹni tó bá ń wá ọ̀nà tí kò ní àbàwọ́n nínú iṣẹ́ yìí kò ní rí i, àmọ́ ó lè rí èyí tí àbàwọ́n rẹ̀ kéré jù.

Ẹ wo méjì míì. Ní oṣù Kẹfà 2016, MSF wọ ìlú Bama ní Borno, wọ́n bá 24,000 ènìyàn nínú ọgbà ilé ìwòsàn, 15,000 nínú wọn jẹ́ ọmọdé. Wọ́n ní ó kéré tán ènìyàn 188 ló kú níbẹ̀ láàárín nǹkan bí oṣù kan, wọ́n sì ka àwọn sàréè ẹ̀bá ibùdó náà. Wọ́n kéde rẹ̀ fún gbogbo ayé, ìrànwọ́ sì pọ̀ sí i lẹ́yìn náà. Ọ̀rọ̀ wọn lágbára torí pé wọ́n ka nǹkan fúnra wọn. Ní Goma, ní Zaire (Congo òde òní), ní 1994, àwọn tó pa àwọn Tutsi ní Rwanda gba àkóso ibùdó àwọn ogúnléndé, wọ́n ń fi oúnjẹ ìrànwọ́ bọ́ àwọn ọmọ ogun wọn. MSF Faransé kó ẹrù wọn kúrò ní oṣù Kọkànlá ọdún náà. Àwọn ẹ̀ka MSF míì dúró títí di 1995 nítorí àwọn aláìsàn. Ètò kan náà, àjọ kan náà, ìdáhùn méjì. N kò rò pé ọ̀kan nínú wọn jẹ́ òmùgọ̀. Ohun tó ya wọ́n ni ìbéèrè yìí: ṣé ìrànwọ́ wa ni ohun tó ń gbé ìwà ipá náà ró, tàbí ó kàn ń ṣẹlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀? Bí ó bá jẹ́ òun ló gbé e ró, kíkúrò di ohun tó yẹ. Bí kò bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.

Ní ipò yín, ẹ̀yin kọ́ ni ẹ ó pinnu irú ọ̀ràn yìí, iṣẹ́ yín ni kí ẹ ní nọ́ńbà tó pé. Ẹ má gbé fọ́tò tàbí ìtàn sórí Facebook tàbí WhatsApp, torí àwọn òṣìṣẹ́ ọmọ ìbílẹ̀ tó wà pẹ̀lú yín ni wọ́n máa kọ́kọ́ bá fínra. Ẹ kọ ọjọ́, ibi, iye, ẹni tó rí i. Ẹ fi ránṣẹ́ sókè lórí ìwé, kí ẹ sì bèèrè èsì lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan.

Ọ̀ràn kan wà tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín dájúdájú. Láti 2021 ni ìjọba Borno ti ń ti àwọn ibùdó Maiduguri pa, tí wọ́n sì ń dá àwọn ènìyàn padà sí ìlú wọn. Wọ́n á ní kí àjọ yín gbẹ́ bọ́hòlù síbi tí wọ́n ń kó wọn lọ. Bí àwọn ènìyàn bá ti wà níbẹ̀, ẹ gbẹ́ ẹ, òùngbẹ kò mọ ẹni tó fa ìrìn àjò. Bí wọn kò bá tíì lọ, ẹ kọ́kọ́ bá wọn sọ̀rọ̀ láìsí aláṣẹ nítòsí, ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n fẹ́ lọ, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú àdéhùn pé bọ́hòlù yín kì í ṣe ẹ̀rí pé ibẹ̀ ní ààbò. Ẹ má fi ọkọ̀ yín kó wọn.

Nípa owó, ẹ má ṣèlérí ohun tí kò sí nínú àdéhùn tí wọ́n ti fọwọ́ sí. Ní oṣù Keje 2025, WFP, àjọ oúnjẹ ti UN, kéde pé òun máa dá oúnjẹ pàjáwìrì dúró fún 1.3 mílíọ̀nù ènìyàn ní àríwá ìlà oòrùn Nàìjíríà nítorí àìsí owó. Ìlérí ẹnikẹ́ni kò lè dá ìyẹn dúró. Láti ọjọ́ àkọ́kọ́, ẹ sọ fún ìgbìmọ̀ omi pé oṣù báyìí ni owó wa máa tán. Ó ń dun ni láti sọ, ṣùgbọ́n òun ló ń jẹ́ kí wọ́n múra. Kí ìdajì ìgbìmọ̀ náà jẹ́ obìnrin, kí ẹ kọ́ mẹkáníìkì méjì láti inú ibùdó, kí ẹ fi pọ́ǹpù kan àti àwọn èlò pàṣípààrọ̀ sílẹ̀ fún wọn. Kí ẹnì kan máa nu pánẹ́ẹ̀lì sólà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ nígbà ọyẹ́, torí eruku máa ń gé omi kù láìsí ẹni tó mọ ohun tó fà á, wọ́n á sì ní bọ́hòlù ló ti gbẹ. Mo fẹ́ sólà ju ẹ̀rọ dísù lọ níbẹ̀, torí pé ológun ń ṣọ́ bí wọ́n ṣe ń gbé epo kiri.

Kí ẹ tó kúrò ní Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ ka ìwé àdéhùn iṣẹ́ yín dáadáa. Àwọn ọmọ ìbílẹ̀ ló ń kú jù lọ nínú iṣẹ́ yìí, àwọn àjèjì kọ́: ní ìlú Rann ní Borno, ní oṣù Kìíní 2017, nígbà tí ọkọ̀ òfuurufú ológun ju bọ́ǹbù sí ibùdó, òṣìṣẹ́ Red Cross Nàìjíríà 6 ló kú, ní oṣù Kẹta 2018, àwọn ọlọ̀tẹ̀ tún pa òṣìṣẹ́ ìrànwọ́ 3 níbẹ̀, wọ́n sì jí obìnrin 3 gbé. Ẹ bèèrè lórí ìwé, kí wọ́n sì dá yín lóhùn lórí ìwé: bí ìjà bá wọlé, ṣé hẹlikópítà tó máa kó àwọn aláwọ̀ funfun máa kó ọmọ Nàìjíríà pẹ̀lú? Èló ni ìbánigbófò ẹ̀mí yín, ta ni wọ́n máa san án fún? Ọ̀sẹ̀ mélòó ni ẹ ó ṣiṣẹ́ kí ẹ tó lọ sinmi, ta ló sì máa san owó ọkọ̀? Ta ni dókítà ọpọlọ tí àjọ náà ní fún òṣìṣẹ́? Bí wọ́n bá dáhùn mẹ́ta nínú mẹ́rin, tí èyí tó ṣẹ́ kù jẹ́ ti hẹlikópítà, ẹ má tíì fọwọ́ sí i.